Ibi Tí Iná Ti Ń Fò Nínú Áńpílífáyà: Bí A Ṣe Ń Wá A Rí

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin onírédíò háàmù, ẹ̀yin tí ẹ ń fi rédíò tiyín bá ara yín sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrò àtira áńpílífáyà náà, ẹ kú ìfarabalẹ̀.

Ẹni tó bá ti ń lo áńpílífáyà oní-fáàfù (ẹ̀rọ tó ń fi fáàfù, ìyẹn gílóòbù gíláàsì oníná, sọ agbára rédíò di ńlá kó tó lọ sórí áńtẹ́nà) á mọ ìró náà. “Táà!” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù kọ mànà láti inú ihò ìdérí, abẹ́rẹ́ mítà fò sókè, fíùsì já, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Òórùn bí ìgbà tí àrá ṣẹ̀ṣẹ̀ sán ló máa ń tẹ̀ lé e. Iná ti fò láti ara irin kan sí òmíràn; òun ni àwọn oníná ń pè ní sípáàkì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lẹ́yìn náà ni pé wọ́n á pààrọ̀ fíùsì, wọ́n á tún tan án. Bẹ́ẹ̀, bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Fíùsì á máa já títí, ọjọ́ tí kò bá sì tètè já, fáàfù tàbí tiransífọ́mà ni yóò lọ dípò rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀wò. Kí ẹ tó mú sukurudíráfà, ẹ bi ara yín pé: ìgbà wo gan-an ni iná náà fò? Ṣé ìgbà tí ẹ kàn tan ẹ̀rọ, tí ẹ kò tíì tẹ nǹkan kan? Ṣé ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀, tí ẹ kò tíì fọhùn? Àbí ìgbà tí ohùn ti wọlé? Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa ti mọ apá ibi tí yóò wò kí ó tó ṣí ìdérí rárá.

Heathkit SB-220 ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn háàmù, àwòrán wáyà rẹ̀ sì rọrùn láti rí. Fáàfù 3-500Z méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí súwíìṣì rẹ̀ bá wà ní SSB (ti ọ̀rọ̀ ẹnu), iná tó ń lọ sórí fáàfù jẹ́ nǹkan bí 3000 V. Bó bá wà ní CW (ti àmì Morse), nǹkan bí 2400 V ni. Ẹni tó ní irú mìíràn lè mú ọ̀rọ̀ kan náà lò, nọ́ńbà nìkan ni yóò yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló ṣáájú. Iná 3000 V kì í gbọn ènìyàn lásán, pípa ló ń pa. Kapásítọ̀ 8 ló tò tẹ̀ léra nínú SB-220, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200 µF, 450 V. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 25 µF, agbára tí wọ́n sì ń kó pamọ́ ní 3000 V lé ní 110 joule. Rẹsísítọ̀ 30 kΩ wà lára kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan láti tú iná náà dànù tí a bá pa ẹ̀rọ. Tí a bá fi 240 kΩ (àpapọ̀ rẹsísítọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ) lọ́nà 25 µF, ìṣẹ́jú àáyá 6 la ó rí: ní ìṣẹ́jú àáyá 6 kọ̀ọ̀kan, iná náà ń lọ sílẹ̀ dé ibi tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ díẹ̀. Tó bá di ìṣẹ́jú àáyá 30, ó yẹ kí iná tó kù má ju nǹkan bí 20 V lọ. Ó yẹ, ni mo wí. Bí ọ̀kan nínú àwọn rẹsísítọ̀ náà bá ti já nínú, kapásítọ̀ tirẹ̀ ò ní tú iná rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni pé nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, fólítì àwọn méje yòókù á máa rọ́ lọ sórí ẹyọ kan náà, yóò kọjá 450 V tí wọ́n ṣe é fún, yóò wú, yóò sì bẹ́. Ìyẹn náà jẹ́ “táà!” kan tí àwọn ènìyàn máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru fáàfù.

Nítorí náà, púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ yọ kúrò lára ògiri, ẹ má fi mọ sí súwíìṣì. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ máa wo mítà HV (mítà iná ńlá) bó ti ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Ẹ wá ọ̀pá PVC tó gùn tó ìdajì mítà, kí ẹ de ìkọ́ bàbà mọ́ orí rẹ̀, kí wáyà tó nípọn so ìkọ́ náà mọ́ ara irin ẹ̀rọ, kí rẹsísítọ̀ 1 kΩ, 25 W, oníwáyà wà láàrin. Ìkọ́ yìí ni kí ẹ fi kan ojú iná ńlá fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáyà tí kò ní rẹsísítọ̀ so ojú iná náà mọ́ ara ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi parí iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan àwọn kapásítọ̀ fúnra wọn, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú mítà. Nínú SB-220, irin kékeré kan wà lókè tó máa ń so iná ńlá mọ́ ara ẹ̀rọ bí ìdérí bá ti kúrò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan, ẹ má sì dá a dúró kí ẹ lè tan ẹ̀rọ ní ṣíṣí. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ rí nínú ibẹ̀ tó tó ẹ̀mí ènìyàn.

Ó yá, ká wá sórí iná tó fò kí ẹ tó tẹ nǹkan kan. Nígbà yìí, kò sí agbára rédíò nínú ẹ̀rọ rárá. Iná ńlá lásán ló wà níbẹ̀. Nítorí náà ẹ má wulẹ̀ da kọ́ìlì (wáyà kíká) tàbí súwíìṣì bándì (èyí tí a fi ń yan ìgbì) láàmú ná. Ẹ yọ fáàfù méjèèjì. Ẹ rí i pé kílíìpù orí wọn jìnnà sí irin tó 3 cm, kí ẹ so wọ́n dáadáa kí wọ́n má fì, ẹ tú wáyà tí ẹ fi so iná ńlá mọ́ ara ẹ̀rọ, ẹ da ìdérí bò ó, kí ẹ tó tan án. Bí ó bá dákẹ́, inú fáàfù ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó mọ èyí tó jẹ̀bi.

Fáàfù tó ti wà nínú páálí fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ti ní afẹ́fẹ́ nínú. Afẹ́fẹ́ kékeré yẹn ni iná ń gbà kọjá. Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹsẹ̀ 3-500Z náà ní tútù: ẹsẹ̀ 1 àti 5 ni ti wáyà tó ń pọ́n, ẹsẹ̀ 2, 3 àti 4 ni ti gíríìdì (irin alásẹ́ tó yí wáyà náà ká). Mítà kò gbọdọ̀ fi hàn pé nǹkan kan so gíríìdì pọ̀ mọ́ wáyà náà. Bí ó bá so pọ̀, fáàfù ti lọ. Bí kò bá so pọ̀, ẹ fún un ní 5 V nìkan láti ara tiransífọ́mà mìíràn fún wákàtí mélòó kan, láìsí iná ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ìyẹn nìkan yóò tó. Ohun tó ń gbé afẹ́fẹ́ mì nínú 3-500Z ni zirconium tí wọ́n fi kun ara ánóòdù rẹ̀ (irin tó ń gba iná ńlá), kì í sì í ṣiṣẹ́ àfi tí ánóòdù bá gbóná tó fi pọ́n díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fáàfù tí wọ́n ń lo agbára kékeré lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ fi lè ṣàìsàn ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ gidi lọ. Tí ẹ bá rí ánóòdù 3-500Z tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nígbà iṣẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Bí ẹ bá yọ fáàfù tán tí iná ṣì ń fò, ẹ wo ṣóòkù tó ń gbé iná lọ sórí fáàfù (wáyà kíká tó ń jẹ́ kí iná ńlá kọjá ṣùgbọ́n tó ń dá ìgbì rédíò dúró), ẹ wo rọ́bà ara wáyà iná ńlá níbi tó ti gba inú ihò irin kọjá, kí ẹ sì wo kapásítọ̀ tó dá iná ńlá dúró kó má dé ibi kọ́ìlì. Kapásítọ̀ yìí ni kí ẹ fojú sí jù. Bí ó bá ti ń jò, 3000 V yóò dé ara kapásítọ̀ TUNE (èyí tí a ń yí láti mú ẹ̀rọ bá ìgbì mu), yóò dé kọ́ìlì, yóò sì gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ jáde lọ sórí áńtẹ́nà yín. Wáyà tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn nínú ọgbà ni mò ń sọ yìí o. Ohun tó ń gbà wá níbẹ̀ ni ṣóòkù kékeré kan, nǹkan bí 2.5 mH, tó so ẹnu áńtẹ́nà mọ́ ara irin: bí iná ńlá bá yọ síbẹ̀, ṣóòkù náà yóò gbé e lọ sílẹ̀, fíùsì yóò sì já. Ẹ wọ̀n ọ́n lónìí, kì í ṣe ọ̀la. Láti ẹnu áńtẹ́nà sí ara irin, mítà gbọ́dọ̀ fi iye ohm kékeré hàn. Bí mítà bá sọ pé ọ̀nà dí pátápátá, ẹ má lo ẹ̀rọ náà mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ní ti kapásítọ̀ fúnra rẹ̀, mítà oníbátìrì 9 V ò lè rí àìsàn rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi 1000 V dán nǹkan wò, irú èyí tí àwọn rẹ́wáyà ń pè ní mẹ́gà, ni kí ẹ lò.

Ìgbà kejì, ìyẹn ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì ṣùgbọ́n tí ohùn kò tíì wọlé, kò wọ́pọ̀ tó àwọn yòókù. Fáàfù ti jí, kò sì sí ẹni tó fún un níṣẹ́. Bí ó bá wá ń dá ariwo tirẹ̀ dá lórí ìgbì tó ju 100 MHz lọ, iná lè fò ní ibi tí ẹ kò rò. Àwọn kọ́ìlì kékeré tó ní rẹsísítọ̀ nínú, tó wà lórí fáàfù kọ̀ọ̀kan, ló ń dá a lẹ́kun. Rẹsísítọ̀ kábọ̀n ni, ó sì máa ń gòkè bó ti ń dàgbà. Ẹ tú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi wé iye tó wà nínú àwòrán. Bí ó bá ti fi ju ìdá mẹ́rin kan lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má sì fi oníwáyà dípò rẹ̀, nítorí pé kọ́ìlì mìíràn ni ìyẹn fúnra rẹ̀. Àríyànjiyàn pọ̀ láàárín àwọn àgbà háàmù lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan gbà pé kò sí “táà!” kankan tí kì í ṣe irú ariwo bẹ́ẹ̀ ló fà á. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú fáàfù àti ìdọ̀tí ló yẹ ká kọ́kọ́ wádìí, nítorí pé àwọn ló ṣeé fi ojú àti mítà rí.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó pọ̀ sí jù lọ: iná tó ń fò nígbà tí ohùn bá wọlé. Ìró rẹ̀ yàtọ̀. Kì í sábà ṣe “táà” ẹyọ kan. Ó ń ta ṣáṣáṣá bí ẹja nínú òróró gbígbóná, ó ń bá ohùn yín lọ sókè sódò. Ẹ ó rí i tí agbára tó ń jáde ṣubú lójijì nígbà tí abẹ́rẹ́ mítà fáàfù ń mì sókè sódò.

Ẹ yọ áńtẹ́nà, kí ẹ fi dummy load (rẹsísítọ̀ ńlá tó ń dúró dípò áńtẹ́nà) 50 Ω tó lè gba 1000 W sí i. Bí iná ò bá fò mọ́, áńpílífáyà yín ò ṣẹ̀. Ẹ lọ wo PL-259 (púlọ́ọ̀gì okùn áńtẹ́nà) tí wọn ò jó lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dáadáa, okùn tí omi ti wọ̀, tàbí tuner (àpótí tó ń mú áńtẹ́nà bá rédíò mu). Ìṣirò díẹ̀ yóò jẹ́ kí ó yé wa. 1000 W lórí 50 Ω jẹ́ 316 V ní orí ìgbì. Iye yẹn kò lè fò kọjá àlàfo kankan nínú ẹ̀rọ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ní iwájú kọ́ìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù, ìgbì kan náà ń lọ sí 2400 V sí 2700 V. Ìdí nìyẹn tí abẹ (àwọn irin pẹlẹbẹ) kapásítọ̀ TUNE fi jìnnà síra tí ti kapásítọ̀ kejì, LOAD, sì fún mọ́ra. Àlàfo 2 mm nínú kapásítọ̀ irú èyí ń gba nǹkan bí 3500 V ní orí ìgbì, 3.2 mm ń gba nǹkan bí 4500 V. Ààyè tó kù kò pọ̀ rárá.

Nígbà náà, kí ló ń gbé fólítì kọjá ààyè yẹn? Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́, ọwọ́ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ni. Kapásítọ̀ LOAD ló ń pinnu iye agbára tó ń jáde lọ sí áńtẹ́nà. Bí abẹ rẹ̀ bá wọnú ara jù, ilẹ̀kùn ti há nìyẹn: agbára ń wọlé, kò ríbi jáde, ó ń yí po nínú kọ́ìlì, fólítì sì ń gòkè títí tí yóò fi fò lórí TUNE. Àmì rẹ̀ ni pé iná gíríìdì á pọ̀ nígbà tí ti fáàfù á kéré. Ẹni tó rí àmì yìí tó sì tún fi agbára kún un ló ń jó kapásítọ̀ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20 W sí 30 W láti inú rédíò, ẹ yí TUNE títí iná fáàfù á fi lọ sílẹ̀ jù lọ, ẹ yí LOAD títí agbára tó ń jáde á fi pọ̀ jù lọ, ẹ padà sí TUNE, kí ẹ tó fi agbára kún un, kí ẹ sì tún méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Níparí, ẹ tú LOAD sílẹ̀ díẹ̀ sí i ju ibi tí agbára ti pọ̀ jù lọ. Bí ẹ bá pàdánù 20 W níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ lókè òkun.

Iná ilé náà ń dá kún un. Bí sitabiláísà tàbí jẹnẹrétọ̀ bá fún yín ní 260 V dípò 240 V, 3000 V ti di 3250 V. Àwa tí a wà ní 5N (Nàìjíríà), àti àwọn ará wa ní TY (Benin) àti 5V (Tógò), tún ní ti eruku ọyẹ́. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, fáànù yóò fa eruku náà jọ sórí abẹ kapásítọ̀. Nígbà tí òjò bá dé, eruku yẹn á fa ọ̀rinrin, yóò sì di ọ̀nà fún iná. Ẹ tilẹ̀ lè rí ọmọńlé tó gbẹ láàárín abẹ TUNE. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti afẹ́fẹ́ gbọn ún, kí ẹ fi isopropyl alcohol nu ún, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Ẹ wo ojú ibi tí iná ti fò ní tòsí. Ẹ ó rí kókó kékeré kan lára abẹ aluminium náà, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, àmì dúdú yí i ká. Ibi ṣóńṣó ni iná fẹ́ràn láti bọ́ sílẹ̀ sí, nítorí náà ibẹ̀ ni yóò tún ti fò lọ́la, ní fólítì tó kéré sí ti àná. Ẹ fi sáńpépà 600 rọra dán an, kí etí abẹ náà yípo bí etí àwo, kí ẹ fi páálí tó nípọn bákan náà wọ àlàfo kọ̀ọ̀kan láti rí i pé abẹ kankan kò tẹ̀ sí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ má fi òróró sí abẹ wọ̀nyí. Bẹ́ríǹgì nìkan ló ń fẹ́ ọ̀rá.

Súwíìṣì bándì ni ìkejì lára ibi tó ń jó. Ẹni tó ń yí bándì nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ń gé iná pẹ̀lú ojú súwíìṣì. Bí àwo rẹ̀ bá jẹ́ séráámíìkì, ẹ lè fi abẹ ha ipa dúdú náà títí yóò fi funfun, kí ẹ fi alcohol fọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ bákéláítì, ipa náà ti di èédú, èédú sì ń gbé iná. Nínù kò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ gé ibi tó jó kúrò tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tún SB-220 wáyà láti fi lo bándì 10, 18 tàbí 24 MHz, ẹ ṣọ́ra. Wọ́n ti ṣe é kí àwọn bándì wọ̀nyẹn tó di tiwa ní 1979. Ṣóòkù iná ńlá rẹ̀ lè bá ọ̀kan nínú wọn dún pọ̀, fólítì inú rẹ̀ á ga ju ti ìta lọ, yóò sì jó láàárín wáyà tirẹ̀.

Ó ku rílè (súwíìṣì oníná tó ń so áńtẹ́nà mọ́ ẹ̀rọ nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì), òun ló sì ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. Rílè nínú áńpílífáyà àtijọ́ ń gba nǹkan bí 15 ms sí 20 ms kí ó tó pa dé (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Rédíò òde òní lè ti rán agbára jáde kí ó tó pé 10 ms. Nínú àlàfo yẹn, fáàfù ti ń gba agbára, ẹnu áńtẹ́nà kò sì tíì so. Iná á fò lórí TUNE ní sílébù àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan á lọ geere. Ẹ ó máa dán kapásítọ̀ títí láé, ẹ̀bi rẹ̀ sì kọ́. Ẹ wá ìdádúró TX (ìdádúró kí rédíò tó rán agbára jáde) nínú mẹ́nù rédíò yín, kí ẹ gbé e sí 25 ms. Àwọn rédíò kan tún wà tí ẹ fi sí 40 W, tí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn á ta kọjá 100 W fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá. Ti àwọn yẹn náà jọ ọ́. Ojú rílè tó ti dúdú, bébà funfun tí ẹ fi alcohol rin ni kí ẹ fà kọjá láàárín rẹ̀. Fáìlì á ba fàdákà ara rẹ̀ jẹ́.

Kí ẹ tó da ìdérí padà, ẹ fi rẹsísítọ̀ oníwáyà gígùn, 25 Ω, 25 W, sí ojú ọ̀nà iná ńlá, láàárín kapásítọ̀ àti ṣóòkù, bí kò bá sí níbẹ̀. Nígbà míì tí iná bá fò, ohun tó lè ṣàn kò ní ju 120 A lọ ní 3000 V, nígbà tó jẹ́ pé láìsí rẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi dáyóòdù (ohun tó ń gba iná kọjá sí apá kan ṣoṣo) 1N5408 méjì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí orí ọ̀kan wà níbi ẹsẹ̀ èkejì, sí àárín ìsàlẹ̀ iná ńlá (ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétífù rẹ̀) àti ara irin, kí mítà má bàa jó.

Ẹ dán an wò ní CW ná, ní 2400 V, lórí dummy load, pẹ̀lú 20 W. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò bá fò, ẹ lọ sí SSB. Bó bá dákẹ́ ní CW tó wá fò ní SSB, àlàfo kan ṣì wà tí kò tó, tàbí etí kan ṣì mú. Ẹ padà síbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dára, ẹ kọ nọ́ńbà TUNE àti LOAD fún bándì kọ̀ọ̀kan sórí bébà kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ẹ̀rọ, kí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lálẹ́ lè gbé wọn sí ibẹ̀ kí ó tó tẹ bọ́tìnnì.